Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ẹ̀rọ ultrasound

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé ẹ̀rọ ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, lọ bá aláìsàn tí fáírọ́ọ̀sì ń dà láàmú lẹ́dọ̀fóró, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àyà iwájú ló yá láti gbé prọ́òbù (apá ẹ̀rọ tí à ń fi kan ara) lé, àmọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì, ni COVID-19 fẹ́ràn láti ba sí. Mo rántí bàbá kan tó ń bá mi ṣàwàdà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí àyà iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bó ṣe kẹ̀yìn sí mi báyìí, ojú ẹ̀rọ funfun báláú.

Bí ẹ̀dọ̀fóró bá dá ṣáṣá, ẹ ó rí ìlà funfun kan láàárín egungun ìhà méjì tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bí ẹni náà ti ń mí. Awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ìlà A, àwọn ìlà tó dà bí òjìji awọ náà, a máa dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà B ní tirẹ̀ máa ń já wálẹ̀ láti ara awọ náà títí dé ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn. Ọ̀kan tàbí méjì kì í dẹ́rù bà mí. Tó bá ti di mẹ́ta sókè láàárín egungun méjì, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn tí kò lágbára mọ́ náà ń mú ìlà B wá, ibẹ̀ ló sì ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lójú. Awọ yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bó bá jẹ́ ti ọkàn, awọ á sábà máa dán, ìlà B á tàn kálẹ̀ bákan náà lápá méjèèjì, omi sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì, awọ á rí ṣákiṣàki, ibì kan á bàjẹ́, ibi tó tẹ̀ lé e á sì dára. Èmi kì í fún ènìyàn ní oògùn tó ń lé omi jáde lára láìtíì wo ọkàn rẹ̀.

Bí ọ́síjìn bá ń lọ sílẹ̀ tí ẹ̀dọ̀fóró sì mọ́, ẹ fura sí ẹ̀jẹ̀ dídì tó ti ẹsẹ̀ wá há sínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wo apá ọ̀tún ọkàn bóyá ó ti fẹ̀, kí ẹ sì fi prọ́òbù tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ itan àti ẹ̀yìn orúnkún. Iṣan tí kò bá pa pọ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú rẹ̀.

Àwòrán kò lè sọ orúkọ fáírọ́ọ̀sì fún yín o. Ọ̀fìnkìn líle (influenza) náà ń mú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn kan ń fi 0 (tó dára) sí 3 (tó bàjẹ́ jù) díwọ̀n ibi 12 lára ẹ̀dọ̀fóró, kí àròpọ̀ má kọjá 36. Kò burú, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn jù kí n tọ́jú àwòrán ibì kan náà lójoojúmọ́, kí n gbé wọn síra wọn.

Ẹ nu prọ́òbù àti wáyà rẹ̀ pẹ̀lú apakòkòrò kí ẹ tó kúrò lẹ́bàá aláìsàn. Wáyà ni wọ́n máa ń gbàgbé.