Ìpàdé àdúgbò alẹ́ àná

Ẹ̀yin tèmi, mo lọ sí ìpàdé àdúgbò wa ní Texas níbí lálẹ́ àná. Wọ́n fẹ́ kó àwọn àgbàlagbà mẹ́rin tó ní ìpèníjà ọpọlọ wá sí ilé kan lójú pópó wa, ni ariwo bá ta. Ẹnìkan ní iye owó ilé òun yóò wálẹ̀. Òmíràn ní ọkọ̀ yóò pọ̀ jù. Bàbá kan ní òun kò kórìíra wọn o, kí wọ́n ṣáà lọ gbé ibòmíràn. Ibòmíràn wo?

Àǹtí kan, ará Ìjẹ̀bú, tó jókòó lẹ́yìn mi rọra fọwọ́ kàn mí: "Àbúrò, irú wọn ni mò ń wẹ̀ fún lójoojúmọ́. Ta ni wọ́n pa jẹ?" (Ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ ìtọ́jú yìí ni ọ̀pọ̀ wa fi ń jẹun níbí.) Mo ní, "Àǹtí, ẹ dìde kí ẹ sọ ọ́." Ó sì dìde, ó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Lọ́yà tí àwọn tó fẹ́ ṣí ilé náà mú wá wá rán gbogbo wa létí ọ̀rọ̀ ìlú Cleburne, ní Texas yìí kan náà. Ìlú náà ní kí irú ilé bẹ́ẹ̀ gba ìwé àṣẹ tí wọn kò béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ohun tí ìlú náà béèrè yẹn nù ní 1985. Òfin ilé gbígbé tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1988 sì ní a kò gbọdọ̀ fi ilé du abirùn.

Bàbá yẹn ní òun náà yóò pe lọ́yà tòun. Kó máa pè é.