Mo Gbé 486 Padà sí Ìlú Bàbá Rẹ̀

Inú páálí ọṣẹ kan nísàlẹ̀ àpò mi ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Processor 486 kan ni, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bíi tánganran, tí àwọn ẹsẹ̀ aláwọ̀ wúrà rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán. Àwọn tó máa ń ra ògbólógbòó processor láti yọ wúrà ara rẹ̀ ti bẹ̀ mí títí, mi ò tà á. Òun ni àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi yọ lára board, pátákó tí wọ́n to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí, láìsí pé ọ̀gá mi dúró tì mí, ní Òtígbà, ọjà kọ̀ǹpútà n'Ìkẹjà, ní 1998.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní San Bruno, ní California, ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ fún wọn pé mi ò wá afárá pupa tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò o. Ibi tí processor ti wá ni kí wọ́n jẹ́ kí n fojú kàn.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o ń tú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́! O wọ bàálù dé ibí, kọ̀ǹpútà náà lo tún fẹ́ lọ wò?"

Iṣẹ́ ò jẹ́ kí àwọn fúnra wọn tẹ̀lé mi, ni wọ́n bá fi ọmọ wọn ọkùnrin tì mí lẹ́yìn, ọmọ ọdún méjìlá. Yorùbá ọmọ náà ò dán mọ́rán, àmọ́ ó ń gbọ́ ọ yékéyéké, ó sì mọ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin jù mí lọ. Èmi àgbà ni mo ṣì í lọ́nà. Mountain View là ń lọ, sí Computer History Museum, ilé tí wọ́n kó àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ sí. Mo wo máàpù orí fóònù mi, mo rí i pé a ti wọ Mountain View, mo bá fa ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ó ń wí pé, "Ọ́ńkù, ó ṣì ku ibùdókọ̀ kan," mo ní kó jẹ́ ká sọ̀. Ọkọ̀ lọ tán kí n tó ka pátákó: San Antonio.

Àṣìṣe yẹn ló wá di ohun tí mo gbádùn jù lọ́jọ́ náà. A fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ dé ojúlé 391 ní San Antonio Road, a sì bá àwọn ère gìrìwò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọ náà rò pé olú ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ tí kò jọ olú. Èmi ti mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: transistor ni, ohun kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á nínú ẹ̀rọ, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n sọ di òmìrán. Ibẹ̀ ni William Shockley, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí transistor, ti ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 1956. Wọ́n ti wó ilé àtijọ́ náà, ilé ńlá onígíláàsì ló wà níbẹ̀ báyìí. Kí wọ́n tó dé, oko èso ni gbogbo àfonífojì yìí, tí wọ́n ń pè ní Silicon Valley.

Ọ̀mọ̀ràn ni Shockley, àmọ́ kò ṣeé bá gbé. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní 1957, mẹ́jọ nínú àwọn tó kó jọ fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lọ dá Fairchild Semiconductor sílẹ̀. Ní 1968, méjì nínú àwọn mẹ́jọ ọ̀hún, Robert Noyce àti Gordon Moore, tún kúrò ní Fairchild, wọ́n dá Intel sílẹ̀, àwọn tó gbé irú 486 mi jáde. Mo rẹ́rìn-ín títí lójú títì yẹn. Bí Òtígbà ṣe rí gan-an nìyẹn! Ọmọ iṣẹ́ bá ọ̀gá jà, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ kejì, ọmọ iṣẹ́ tiẹ̀ náà tún já. Bí ẹ bá tọpasẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù títì Ọlá Ayéní níbẹ̀ dáadáa, bóyá ọ̀gá márùn-ún ló bí gbogbo wọn.

A wọ ọkọ̀ lọ sí Computer History Museum. Ibẹ̀ tóbi, mi ò ní lè sọ gbogbo rẹ̀. A rí kọ̀ǹpútà Cray-1 ti 1976, tó dà bí àga tìmùtìmù tí wọ́n fi yí òpó ká. A rí IBM 1401, tó jáde ní 1959, tí àwọn bàbá arúgbó kan tún ṣe tó ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ nìkan tó jẹ́nẹ́rétọ̀ méjì. Ìyẹn ò ní processor kankan nínú o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n to transistor rẹ̀ sórí pátákó kéékèèké, wọ́n wá fi pátákó bẹ́ẹ̀ kún inú àpótí tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fi 486 mi han ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà. Ó gbà á, ó wo àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó ní ó wà ní mímọ́. Inú mi dùn bí ìgbà tí wọ́n yin ọmọ mi.

Ohun tí mo torí rẹ̀ wá kéré gan-an. Ẹ̀rọ ìṣirò Busicom ni, èyí tí àwọn ará Japan máa ń gbé sórí tábìlì. Àwọn Busicom, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, ló ní kí Intel bá àwọn ṣe chip, ẹyọ kékeré tí wọ́n to transistor púpọ̀ sínú rẹ̀, tí àwọn máa fi sínú ẹ̀rọ ìṣirò. Ohun tí wọ́n yà wá pọ̀, ó díjú. Ted Hoff ní Intel ló ní kí wọ́n dín in kù sí mẹ́rin, kí ọ̀kan nínú mẹ́rin náà máa gba àṣẹ, kí ó sì máa tẹ̀ lé e. Ọ̀kan yẹn, processor lódindi nínú chip ẹyọ kan, ni wọ́n pè ní 4004.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn nìyí. Ní oṣù kẹrin 1970, Masatoshi Shima, òṣìṣẹ́ Busicom, wá láti Japan, ó fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò. Kò bá nǹkankan. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀! Federico Faggin, ará Ítálì tí wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún, kò tíì lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ nílé iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ wo bí inú Shima ṣe máa rí. Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ lọ́jọ́ tó kù ọ̀la ọdún, tẹ́ ẹ bá aṣọ náà nínú láílọ́ọ̀nù bẹ́ ẹ ṣe gbé e fún un. Àmọ́ Shima ò kàn fìbínú padà sílé. Ó dúró fún bí oṣù mẹ́fà, òun oníbàárà, ó ń bá Faggin ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde nínú ẹ̀rọ ní ìparí ọdún yẹn, kò ṣiṣẹ́ rárá, torí wọ́n ti fo ìpele kan nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Oṣù kìíní 1971 ló tó jí.

Transistor 2,300, nínú ohun tí ò ju èékánná ọmọ ìka lọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ 16. Faggin kọ F.F. sí igun rẹ̀, àmì orúkọ rẹ̀, kín-ín-kín débi pé ẹ̀rọ amúǹkantóbi nìkan ló lè fi hàn yín. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ohun tí mo kà lọ. Àwa náà máa ń fi bírò kọ déètì sábẹ́ board tá a bá tún ṣe. Ní oṣù kọkànlá 1971 ni Intel wá polówó rẹ̀ fún gbogbo ayé. Busicom ló ni í tẹ́lẹ̀, torí owó wọn ni wọ́n fi ṣe é. Intel dá $60,000 padà fún wọn kí àwọn lè ní ẹ̀tọ́ láti tà á fún ẹlòmíì. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ò tún sí mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Kí ni tiyín yìí ní nínú, Ọ́ńkù?" Mo ní mílíọ̀nù kan ó lé igba ẹgbẹ̀rún. Ọdún 1989 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde, ọdún méjìdínlógún péré lẹ́yìn 4004. Ó gba páálí ọṣẹ lọ́wọ́ mi, kò dá a padà mọ́.

Ẹ má rò pé Intel nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1975, tí àwọn yòókù ń ta processor ẹyọ kan ní ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́nà mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, Chuck Peddle àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé processor 6502 wá sí San Francisco, wọ́n ń tà á ní $25. Wọ́n kó o sínú ìgò ńlá kí àwọn èrò lè rí i pé ó pọ̀ nílẹ̀. Peddle fúnra rẹ̀ ló wá jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọdún pípẹ́ pé èyí tó dáa ló wà lókè, pé àwọn tí kò ṣiṣẹ́ ló wà nísàlẹ̀. Alátòmátì Mile 12 ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ! Inú 6502 yẹn ni kọ̀ǹpútà Apple àkọ́kọ́ ti jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a lọ sí Santa Clara, sí ilé àwọn Intel fúnra wọn, tí wọ́n fi orúkọ Noyce pè. Wọn ò gbowó ìwọlé lọ́wọ́ wa. Ọmọ náà wọ aṣọ funfun tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe chip, ó bò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú nìkan ló kù. Wọ́n ní ẹyọ eruku kan ṣoṣo ti tó láti ba chip jẹ́. Mo rántí ṣọ́ọ̀bù mi. Tí ọyẹ́ bá ti dé, eruku tí mò ń fẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà kan tó kún agolo mílíìkì.

Wọ́n to àwọn processor tẹ̀ léra: 8086 ti 1978, transistor 29,000. 386 ti 1985, 275,000. Pentium ti 1993, mílíọ̀nù mẹ́ta lé. (Torí pé ilé ẹjọ́ ò gbà kí èèyàn sọ nọ́ńbà di tirẹ̀ ni wọ́n ṣe pa 586 tì, tí wọ́n wá orúkọ.) Pentium 4 ti 2000, mílíọ̀nù 42. Moore ti sọ ọ́ láti 1965 pé iye transistor á máa pọ̀ sí i. Eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá nígbà yẹn lórí bí processor ṣe ń yára, gígahẹ́ẹ̀tì lọ́tùn-ún, gígahẹ́ẹ̀tì lósì, títí ooru fi dá wọn dúró ní nǹkan bí 2004. Láti 2005 ni wọ́n ti fi orí méjì sínú ẹyọ kan, pé kí méjì máa pín iṣẹ́ ṣe.

Ẹsẹ̀ wọn ni èmi ń wò, ní tèmi. Ní 2000, mo tẹ ẹsẹ̀ processor Celeron oníbàárà kan wọ́ níbi tí mo ti ń kánjú. Ẹsẹ̀ 370 ló ní, bí ìlà kan lódindi ló dùbúlẹ̀. Ọ̀gá mi ò nà mí. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ àti bíléèdì, wọ́n ní kí n jókòó. Láti aago méjì títí ilẹ̀ fi ṣú ni mo fi ń nà wọ́n dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mímí gan-an, mò ń ṣọ́ ọ mí. Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó di 2004, Intel kó ẹsẹ̀ kúrò lára processor, wọ́n gbìn ín sórí board. Lẹ́yìn náà, ní ti láptọ́ọ̀pù, wọ́n kúkú jó o mọ́ board pátápátá. Tó bá kú, board lódindi ló kú. Oníbàárà á dúró síwájú mi, á ní kí n bá òun fi èyí tó sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, bí a ti í ṣe tẹ́lẹ̀, màá sì máa ṣàlàyé bí ẹni tó ń purọ́.

Mo bi òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ pé apá ibo nínú ọgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe processor ká lọ yọjú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn ò ṣe é níbẹ̀ mọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá. Oregon ni, Arizona ni, ti àwọn ẹlòmíì sì pọ̀ ní Taiwan. Ọdún kan lẹ́yìn ìrìnàjò mi, tí Apple gbé processor M1 jáde, transistor bílíọ̀nù 16, Taiwan ni wọ́n ti ṣe é. Ìlú bàbá 486 mi ti di ibi tí wọ́n ti ń yà á lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń ta ilé ọlọ́wọ́n gógó.

Irú M1 yẹn ò tilẹ̀ ṣẹ̀ wá láti àfonífojì náà. Cambridge ni ìdílé rẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Sophie Wilson àti Steve Furber ti ṣe processor ARM àkọ́kọ́ ní 1985. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọn iná tó ń jẹ, mítà ní òdo. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àṣé wáyà iná rẹ̀ ò tiẹ̀ wọlé. Iná tó ń jò wọlé láti àwọn wáyà tó ń gbé iṣẹ́ fún un ló ń mu, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo sọ èyí fún ọmọ náà nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ní irú rẹ̀ ló wà nínú fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó ń jí iná?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tó fi wáyà kọ́ òpó àdúgbò.

Ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ti yí 486 náà dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ń fi ṣóńṣó pẹ́ńsùlù ka ẹsẹ̀ rẹ̀, torí mo ti sọ fún un pé 168 ni, kò sì gbà. Ó ka 94 dé San Bruno. Ìyá rẹ̀ ń fun fèrè mọ́tò níta.

"Ẹ dúró, Ọ́ńkù, ẹ dúró," ó fi ìka tẹ ibi tó kà dé, a sì sọ̀ bẹ́ẹ̀.