Ọdún wo lo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀? Ìrìnàjò mi sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Sòmálíà ní Minneapolis

Ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mọ́mì mi ló gbé mi dé Minnesota nígbà ooru 2024. London ni mò ń gbé, àmọ́ ẹbí wa pọ̀ ní Brooklyn Park, ìlú kan tí ò jìnnà sí Minneapolis, àwọn ará Làìbéríà ló kún ibẹ̀, àwa ọmọ Nàìjíríà náà ò gbẹ́yìn. Òde yẹn dùn, a jẹ, a mu, a náwó fún ìyàwó títí, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ kọ níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní London, ọmọ Hargeisa ní àríwá Sòmálíà ni, ló ti sọ fún mi kí n tó wọ bàálù pé tí mo bá dé Minneapolis tí mi ò dé Cedar-Riverside, àdúgbò táwọn ọmọ Sòmálíà pọ̀ sí, kí n má wulẹ̀ sọ fún òun pé mo lọ síbì kankan. Ó wá fún mi ní nọ́ńbà àbúrò bàbá ẹ̀ kan, bàbá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa táksí nílùú yẹn kí wọ́n tó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Adeer, bí àwọn Sòmálí ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá, ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, ohun témi náà pè wọ́n nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, àwọn ilé gogoro Riverside Plaza ló máa dojú kọ yín, wọ́n fi pupa, búlúù àti yẹ́lò sí wọn lára níhìn-ín lọ́hùn-ún, láti 1973 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, kí ọ̀pọ̀ ọmọ Sòmálíà tó gbọ́ pé ibì kan ń jẹ́ Minnesota. Ní báyìí èdè Sòmálí lẹ máa gbọ́ látorí àtẹ̀gùn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa rí àwọn bàbá tó fi làálì pa irùngbọ̀n wọn pupa fòò, òórùn tùràrí á máa ta sánsán látinú ilé. Ní 2023 ìjọba ìlú náà gbà kí mọ́ṣáláṣí máa fi lóúdusípíkà pe ìrun ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ní Amẹ́ríkà o!

Kí ló gbé àwọn tó ti inú oòrùn wá síbi tí yìnyín ti ń bo mọ́tò mọ́lẹ̀? Iṣẹ́ ni. Ogun tú wọn ká, ọ̀pọ̀ wọn jókòó sí Dadaab, àgọ́ àwọn tó sá fún ogun ní Kẹ́ńyà, ìgbà tí àwọn tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà láyé 1992, 1993 wá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa tòlótòló ní Marshall, ìlú kékeré kan ní Minnesota yìí, ń gba ẹni tí ò gbọ́ òyìnbó ṣíṣẹ́, ẹnì kan pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹ̀gbọ́n pe ìyàwó ẹ̀, ìyàwó pe àbúrò, bó ṣe di ìlú nìyẹn.

Adeer mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń jókòó mu tíì, tíì tí wọ́n fi wàrà àti atalẹ̀ sè, àfi kí ṣúgà dùn ún kọjá ààlà. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ fún mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kì í ṣe dòdò o, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tútù, mo pa á tì pé tí mo bá jẹun tán màá jẹ ẹ́, àfi ìgbà tí mo rí i tí gbogbo wọn ń bù ú mọ́ ìrẹsì. Ó dùn gan, ẹ má bú mi.

Mo wá béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Nílé lọ́hùn-ún a máa ń sọ pé èdè tó pọ̀ àti ẹ̀sìn tó pọ̀ ló ń pa Nàìjíríà, pé ká ní èdè kan là ń sọ ni, à bá ti dé ibi tó yẹ ká dé. Àwọn wọ̀nyí rèé, èdè kan, ẹ̀sìn kan, kí ló dé tí ìjọba tiwọn fi túká pátápátá? Adeer rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọdún wo lo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀?" Tábìlì bá dàrú.

Bàbá kan tó fẹ̀yìn ti ògiri ní 1969 ni. Wọ́n yìnbọn pa ààrẹ Abdirashid Ali Shermarke ní October 15, nígbà tó máa fi di October 21 àwọn ológun ti gbàjọba, Siad Barre di olórí, ìdìbò parí. Ọ̀kan tó kéré sí i já lu ọ̀rọ̀ náà pé kí wọ́n sọ ọ́ tán, ṣebí ọkùnrin yẹn náà ló jẹ́ kí wọ́n ní àkọtọ́ tí wọ́n fi ń kọ èdè wọn ní 1972, tó rán àwọn ọmọ ilé ìwé lọ bá àwọn darandaran nínú igbó pé kí wọ́n lọ kọ́ wọn níwèé. Ẹlòmíì ní ẹ jọ̀ọ́, 1977 ni. Ìràwọ̀ àsíá wọn ní ẹnu márùn-ún, ó dúró fún ilẹ̀ márùn-ún tí àwọn Sòmálí ń gbé, méjì péré, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ítálì, ló sì para pọ̀ ní July 1, 1960. Siad Barre ní òun máa fi ogun gba Ogaden, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ mẹ́ta tó kù, lọ́wọ́ Etiópíà, ó ń gbà á lọ náà ni, àfi ìgbà tí Rọ́ṣíà tó ń fún un ní ohun ìjà kọ̀yìn sí i tó lọ gbè sẹ́yìn Etiópíà, Kúbà kó sójà wá kún un, nígbà tó fi máa di March 1978 wọ́n ti lé e padà sílé. Ó ní àtìgbà yẹn ló ti ń fura sí gbogbo èèyàn, tó ń fi agboolé kan (ìyẹn àwọn ìdílé ńlá ńlá tí àwọn Sòmálí pín sí) lu agboolé kejì kí ìjókòó tiẹ̀ lè dúró.

Adeer jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán. Tiwọn ni 1988. Ẹgbẹ́ SNM tó ń bá ìjọba Siad Barre jà, tí àwọn agboolé Isaaq ní àríwá pọ̀ jù nínú ẹ̀, London ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1981 (London témi ń gbé yìí, mi ò mọ̀ rárá). Ní ìparí May 1988 wọ́n wọ Burao àti Hargeisa, ìjọba wá fi bọ́ǹbù fèsì, pápá bàálù Hargeisa fúnra ẹ̀ ni bàálù ogun ti ń gbéra, á ju bọ́ǹbù sórí ìlú, á tún balẹ̀ síbẹ̀ lọ gbé òmíì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kú. Adeer àti ìyá wọn fẹsẹ̀ rìn wọ Etiópíà. Ọ̀kan nínú àwọn bàálù MiG yẹn ti di ère ìrántí láàárín Hargeisa báyìí. "Ìjọba tó ń ju bọ́ǹbù lu ìlú ara ẹ̀," wọ́n ní, "kí ló kù níbẹ̀ tó fẹ́ túká ní 1991?"

Ìyá tó ni ibi tíì náà, ọmọ Mogadishu, dáhùn láti ìdí sítóòfù pé ohun gbogbo ló kù. Ilé bàbá wọn kù, ilé ìwé wọn kù, òkun kù. January 27, 1991 ni Siad Barre sá kúrò ní Mogadishu, inú wọn dùn pé ó lọ, àmọ́ Ali Mahdi àti Jẹ́nẹ́rà Aidid tí wọ́n jọ lé e lọ, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, agboolé Hawiye kan náà, ni wọ́n wá kọjú ìbọn síra wọn tí wọ́n pín ìlú sí méjì. Màmá yìí ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n da tíì sí ife mi padà.

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé Èkó ni Siad Barre kú sí. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀. Ó sá dé Kẹ́ńyà ní May 1992, wọn ò fẹ́ ẹ níbẹ̀, Nàìjíríà wa ló gbà á, Èkó ló sì wà títí ó fi kú ní January 2, 1995, wọ́n gbé òkú ẹ̀ padà lọ sin sí Garbaharey. Adeer ní kí ló dé tá ò gbé e lọ sílé ẹjọ́? Mo ní a ti mọ àwọn ààrẹ tó sá gbà lálejò, ẹ bi Charles Taylor ti Làìbéríà. Mo tún rán wọn létí pé sójà Nàìjíríà méje kú sí Mogadishu lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní September 1993, pé kì í ṣe Siad Barre nìkan la ná nǹkan lé lórí. Ìyẹn kò tu Adeer nínú.

Ọdún 1991 yẹn náà, May 18, ni àwọn àríwá ní àwọn ti yọ ọwọ́, àwọn ń jẹ́ Somaliland. Àwọn àgbà agboolé jókòó fún oṣù púpọ̀ ní Borama ní 1993, wọ́n parí ìjà, wọ́n ní owó tiwọn, pásípọ́ọ̀tù tiwọn, wọ́n ń dìbò tí ẹni tó wà lórí àga sì máa ń fìdí rẹmi nígbà míì, síbẹ̀ nígbà tí mo wà níbẹ̀ yẹn kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan nínú UN tó gbà pé orílẹ̀-èdè ni wọ́n. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń pariwo Yorùbá Nation lórí Facebook, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka ìtàn Somaliland kẹ́ ẹ tó ya káàdì ìdánimọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é, mo ní kẹ́ ẹ kà á.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Karmel Mall, ọjà àwọn ọmọ Sòmálíà ní Minneapolis, ṣọ́ọ̀bù kékeré kékeré ló wà níbẹ̀ lórí ara wọn, aṣọ, góòlù, lọ́fínńdà, àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ sílé sì wà láàárín wọn. Owó tí àwọn tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́ sí Sòmálíà ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún. Ìyá kan tó ń ta aṣọ sọ fún mi pé oṣù kan ò lè kọjá kí òun má fi nǹkan ránṣẹ́, àti pé kò sí ohun tó bà wọ́n lẹ́rù tó November 2001, nígbà tí Amẹ́ríkà ti Al-Barakaat, ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ sílé, pa, àti ìparí 2011 nígbà tí báǹkì tó ń bá wọn gbé owó ní Minnesota ní òun ò ṣe mọ́, ọdún tí ìyàn ń pa èèyàn ní gúúsù Sòmálíà gan-an. Owó yẹn ló wà nídìí Yunifásítì Amoud ní Borama, òun ló wà nídìí ọ̀nà tó lọ láti Burao sí Erigavo, òun náà ló wà nídìí èbúté Garacad. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n wò mí, wọ́n ní owó yẹn náà ló ra ìbọn. Nígbà ìjà Las Anod ní 2023, ìlú tí Somaliland àti àwọn agboolé ibẹ̀ jà lé lórí, wọ́n ní WhatsApp ò jẹ́ káwọn sùn, dá owó, dá owó, tó ò bá dá a, ìwọ kì í ṣe ọmọ wa. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n dá a. Wọ́n ń ká aṣọ lọ.

Ọmọ wọn obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀kankan nínú àwọn ọdún yẹn. Tiẹ̀ ni 2006, ọdún tí àwọn onílé ẹjọ́ Ìsìláàmù gba Mogadishu tí ìlú fara balẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kí Etiópíà tó wọlé ní December tí Amẹ́ríkà sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Látàrí ìyẹn ni àwọn ọmọkùnrin bíi ogún ṣe yọ́ kúrò ní Minneapolis láti 2007 lọ darapọ̀ mọ́ Al-Shabaab, ẹgbẹ́ agbébọn tó ń bá ìjọba Sòmálíà jà, tí FBI fi ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé. Ó ní ohun tí òyìnbó mọ̀ nípa àwọn ò ju ìyẹn lọ. Àmọ́ ohun tó ń bí i nínú jù ni àwọn tó ń padà lọ jẹ ipò. Farmaajo tó di ààrẹ ní 2017, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Buffalo, méyọ̀ Mogadishu méjì ló ti London lọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní Tarzan tó ti gbé Camden, àti Yarisow tí bọ́ǹbù Al-Shabaab tó bú nínú ọ́fíìsì ẹ̀ ní 2019 ló ṣekú pa. Ó ní tí nǹkan bá bàjẹ́, àwọn yòókù á wọ bàálù padà sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní òkè òkun, ẹni tí ò rìn ló máa jẹ́ aṣẹ́kù. Mo ní Yarisow ńkọ́? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ìyẹn sanwó tiẹ̀.

Kí n tó kúrò mo tún yà sí ibi tíì. Ìjà tó wà nílẹ̀ ni ti January 1, 2024, nígbà tí Etiópíà tí ò ní etí òkun bá Somaliland fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fún òun ní àyè létí òkun, kí òun sì ronú sí ọ̀rọ̀ pé kí òun gbà wọ́n ní orílẹ̀-èdè. Adeer ní ó dáa, DP World, ilé iṣẹ́ èbúté láti Dubai, ti fọwọ́ sí ìwé lórí èbúté Berbera ní Somaliland láti 2016, tí ẹrù Etiópíà bá gba ibẹ̀ kọjá ọmọ wa máa rí iṣẹ́ ṣe. Bàbá 1969 ní títà ni wọ́n ń ta ilẹ̀, Etiópíà tá a bá jagun ní 1977 ni ẹ fẹ́ fún ní òkun? Ọmọbìnrin ìyá tó ń ta aṣọ ní Sòmálíà ti wọ ẹgbẹ́ East African Community báyìí, wọ́n ti dárí gbèsè jì wọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìyẹn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ní December ọdún yẹn Tọ́kì pe Etiópíà àti Sòmálíà jọ sí Ankara, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìrẹ́pọ̀. Mo fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí Adeer lórí WhatsApp pé ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ti parí. Voice note gbọọrọ ni wọ́n fi dá mi lóhùn, láti 1960 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀.