Awò Orí Ìbọn Ló Ń Tú Àṣírí Fíìmù Ogun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ṣe fíìmù ogun kan mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kó má fi ìbọn tó wà lọ́wọ́ atamátàsé díwọ̀n. Ìbọn kì í sábà ṣòro rí. Mosin-Nagant ti Rọ́ṣíà àti Mauser ti Jámánì àtijọ́ ṣì pọ̀ láyé, àwọn tó ń yá onífíìmù ní nǹkan ìjà sì ní wọn lọ́wọ́. Awò orí rẹ̀, ìyẹn gíláàsì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ni kó tẹjú mọ́, àti irin tí wọ́n fi dè é. Ojúlówó awò ológun ti ọdún 1942 wọ́n, ó ṣọ̀wọ́n, gíláàsì inú rẹ̀ sì lè ti ṣú. Ni wọ́n bá máa ń fi awò ọdẹ òde òní rọ́pò rẹ̀, wọ́n á ní ta ló máa mọ̀.

Ẹ wo Saving Private Ryan, tó jáde ní 1998. Ìbọn Springfield M1903A4 ni Jackson, atamátàsé inú rẹ̀, gbé, kò sì sí àríwísí níbẹ̀: òun ni àwọn atamátàsé ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé wọ Normandy ní 1944. Awò tó bá a rìn ni M73B1, ìyẹn Weaver 330C tí ilé iṣẹ́ Weaver ń ṣe fún àwọn ọdẹ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, agbára rẹ̀ láti sọ nǹkan di ńlá kò sì tó ìlọ́po 3. Ṣùgbọ́n awò Unertl gígùn, onílọ̀ọ́po 8, náà tún yọjú lórí ìbọn Jackson. Àwọn Marine, jagunjagun ojú omi Amẹ́ríkà, ló ni Unertl. Orí M1903A1 ni wọ́n ń dè é mọ́, agbègbè òkun Pacific ni wọ́n sì ti fi jà.

Ká tiẹ̀ ní Jackson rí ọ̀kan he, kò lè kàn bọ́ èyí, kó de tọ̀hún, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Awò tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dè mọ́ ìbọn, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó bá ojú ọta mu. Wọ́n á yin ọta mẹ́ta sí pátákó ní 100 mítà, wọ́n á wọn bí ibi tí ọta bà ṣe jìnnà sí ibi tí wọ́n fojú sùn, wọ́n á yí kókó òkè àti kókó ẹ̀gbẹ́ awò, wọ́n á tún yin mẹ́ta míì, títí méjèèjì á fi pàdé. Ìwọ̀n igun tí wọ́n ń pè ní MOA ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò yìí: MOA 1 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.9 ní 100 mítà. Bí awò bá fi MOA 3 péré yẹ̀, ọta á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 tàsé ní 400 mítà. Ẹni tí wọ́n fojú sun àárín àyà rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ apá rẹ̀ lọta máa gbà kọjá. M1903A4 kò sì ní irin ìfojúsùn kankan. Bí awò bá ti kúrò lórí rẹ̀, àfi kéèyàn máa fi àbá yìn ín.

Ohun tí mo fẹ́ràn láti wò jù ni ọwọ́ òṣèré nígbà tó bá ń kó ọta. Mosin-Nagant 91/30 lásán máa ń gba ọta 5 lẹ́ẹ̀kan náà: irin pẹlẹbẹ kan ló di wọ́n mú, wọ́n á kì í sórí ìbọn tó ti là sílẹ̀, wọ́n á sì fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo rẹ̀ wọlé. Bí PU, awò atamátàsé Sófíẹ́ẹ̀tì, bá ti wà lórí rẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn ti dí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á máa ti ọta bọ abẹ́ awò. Òṣèré tó bá tẹ ọta 5 wọ Mosin aláwò lẹ́ẹ̀kan, idán ló ń pa. Ẹ tún wo ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí ìbọn. Ti Mosin lásán nà gbọọrọ síta, bí wọ́n bá gbé e sókè á kọlu awò. Ìdí nìyẹn tí ti atamátàsé fi gùn sí i, tó sì tẹ̀ wálẹ̀. Bí ẹ bá rí awò lórí Mosin tí ọwọ́ rẹ̀ nà gbọọrọ, ẹ mọ̀ pé wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. PU fúnra rẹ̀ kéré, gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 169. Awò ńlá tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ife kò sí lórí ìbọn Sófíẹ́ẹ̀tì kankan nígbà náà.

M1 Garand, ìbọn Amẹ́ríkà, náà ní tirẹ̀. Láti òkè ni ọta 8 rẹ̀ ti ń wọlé pọ̀ nínú irin wọn, nítorí náà apá òsì ni wọ́n gbé awò M1C àti M1D, Garand ti àwọn atamátàsé, sí, wọ́n sì so awọ mọ́ ìdí ìbọn kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè bá awò dé ọ̀hún. Awò tó jókòó sáàárín gbùngbùn orí Garand nínú fíìmù, irọ́ ni. Awò ZF41 ti Jámánì sì wà níwájú, lórí irin ìfojúsùn ẹ̀yìn ìbọn Mauser Kar98k, ó jìnnà sójú, ìlọ́po 1.5 péré ni. Ẹni tó bá ń lẹ ojú mọ́ ọn kò mọ ohun tó gbé lọ́wọ́.

Ìgbà tí kámẹ́rà bá wọ inú awò ni àṣìṣe á wá di rẹpẹtẹ. Ìlà àgbélébùú tẹ́ẹ́rẹ́ tí àmì róbótó-róbótó tò sí lára ni wọ́n sábà ń fi hàn wá. Mil-dot nìyẹn, ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ṣe é fún àwọn Marine Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìdíwọ̀n ló ń ṣe, ìwọ̀n igun tí wọ́n ń pè ní mil ló sì fi ń ṣe é: mil 1 jẹ́ mítà 1 ní 1,000 mítà, nítorí náà ọkùnrin tó ga ní mítà 1.8, tó sì gba mil 3 nínú awò, wà ní 600 mítà. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ nínú ogun Stalingrad ní 1942. Ohun tó wà nínú PU ni ọ̀pá mẹ́ta tó nípọn: ọ̀kan ṣóńṣó láti ìsàlẹ̀, méjì wá láti ẹ̀gbẹ́, àlàfo sì wà láàárín. Awò No. 32 ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀pá kan àti ìlà kan tó dábùú. Bí wọ́n bá sì yí kókó PU, àmì náà gan-an máa ń rìn kúrò láàárín gíláàsì. Fíìmù kì í jẹ́ kó rìn, torí ó máa ń dà bí ẹni pé kámẹ́rà ló ṣì í ya.

Bí ojú ẹni tí wọ́n ń wò ṣe ń tóbi tó ni kò jọ ọ́ rárá. Awò onílọ̀ọ́po 3.5 á sọ ẹni tó wà ní 400 mítà di ẹni tí a ń fi ojú lásán wò ní nǹkan bíi 114 mítà. Ẹ lè rí i pé ó dé àkẹtẹ̀ irin. Ẹ ò lè rí omijé lójú rẹ̀.

Fún ogun tó tún sún mọ́ wa, ẹ ṣọ́ Dragunov, ìbọn atamátàsé tí wọ́n tún ń pè ní SVD. SVD ti wọ iṣẹ́ ológun Sófíẹ́ẹ̀tì láti 1963, ṣùgbọ́n PSL ti Romania ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀ nínú fíìmù. Ìbátan Kalashnikov ni PSL nínú, ojú nìkan ló fi jọ SVD. Àpótí ọta ni kẹ́ ẹ wò: ti PSL ní àmì X ńlá tí wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí gíláàsì awò ṣe máa ń kọ mọ̀nà nínú fíìmù náà ti sú mi. Iṣẹ́ tí onímọ̀ físíìsì Smakula ṣe ní Zeiss, ilé iṣẹ́ gíláàsì Jámánì, ní 1935 ti mú kí gíláàsì má fi bẹ́ẹ̀ tàn mọ́, àti pé oòrùn gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹni tó ń yìnbọn kí awò tó lè kọ mọ̀nà. Síbẹ̀ ewu yẹn jẹ́ òótọ́. Simo Häyhä, ará Finland tí wọ́n ní iye àwọn tó pa nínú Ogun Ìgbà Òtútù tí Finland bá Sófíẹ́ẹ̀tì jà ní 1939 sí 1940 lé ní 500, irin ìfojúsùn lásán ló ń lò lórí M/28-30, Mosin ti Finland. Awò á mú kí orí rẹ̀ ga sókè, òtútù á mú kí gíláàsì ṣú, oòrùn sì lè tú u fó.

Ti ìró ló kù. Ní 600 mítà, ọta ráífù á dé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1, ìró ìbọn á sì tó 1.75 kó tó dé. Ẹni náà á ti ṣubú, àwọn tó wà nítòsí á ti gbọ́ bí ọta ṣe sán kọjá, kí ìbọn tó dún láti ọ̀nà jíjìn. Fíìmù máa ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀, àlàfo tó wà láàárín ìró méjèèjì ni ọmọ ogun tó sá sí kòtò fi ń díwọ̀n bí ẹni tó ń yìnbọn sí i ṣe jìnnà tó.