Ọyẹ́ àti sìmẹ́ǹtì inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́

Láàárọ̀ yìí ní Gwarinpa l'Ábújá, mo fi èékánná ha ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan, ló bá ń rún bí ìyẹ̀fun. Sìmẹ́ǹtì yẹn ò burú o. Ọyẹ́ ló fa omi inú ẹ̀ mu kó tó le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún ibi tó ń jò ṣe lásìkò yìí, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, ẹ tẹ́ ọ̀rá lé e, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún ọjọ́ 7.

Tómi bá tún ń fà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má tíì pe bíríkìlà. Ọyẹ́ náà ń mumi. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sórí àtẹ̀gùn inú adágún, ẹ pọnmi sí i títí tómi inú ẹ̀ á fi bá ti ìta dọ́gba, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí méjèèjì bá fà bákan náà, ọyẹ́ ni. Bí ti adágún bá fà jù, ó ṣì ń jò. Tó bá wá jẹ́ ìgbà tí ẹ̀rọ omi ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń fà jù, páìpù ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.