Omi ni mo ń bá jà, kì í ṣe iná

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ẹja yíyan, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó tì mí lójú. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń yan ẹja lórí èédú n'Íbàdàn kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ọjọ́ìbí kan fún mi, nínú fúláàtì kan ní àjà kẹta. Onílé ní òun ò fẹ́ èéfín rárá. Mo ní kò sí wàhálà. Mo lọ ra gíríìlì oníná, irú èyí tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì, tó ní ìdérí tó ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ bí ìgbà téèyàn pa ìwé dé. Mo gé ẹja àrọ̀ mẹ́fà, mo rẹ wọ́n sínú èròjà mọ́jú, mo kó wọn débẹ̀ bí omi ṣe ń kán lára wọn, mo tò wọ́n sórí irin, mo pa ìdérí dé.

Nígbà tí mo ṣí i, ooru bò mí lójú bíi pé ìkòkò mọ́ínmọ́ín ni mo ṣí. Ẹja funfun báláú. Awọ ẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin òkè, ó tún lẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀, omi aláwọ̀ kọ́rì ń ṣàn lọ sínú àwo tó ń gba ọ̀rá. Ìyá ọlọ́jọ́ìbí wò ó, ó wojú mi, ó ní, "Ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fún wa jẹ ni, ẹ̀gbọ́n?"

Fún oṣù kan gbáko, ẹ̀rọ yẹn ni mò ń bú. Irọ́ ni. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lójú ẹran tàbí ẹja, ojú yẹn ò lè gbóná kọjá 100 digiri, torí ooru tó bá dé ibẹ̀, lílé omi lọ ló máa fi ṣe. Àwọ̀ pupa tó ń dán yẹn, tó ń mú kí oníbàárà gbé itọ́ mì, ó tó nǹkan bí 140 digiri kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nítorí náà, ẹja tó tutù rinrin máa kọ́kọ́ sè ná, kó tó di pé ó yan. Níta gbangba, lórí èédú, afẹ́fẹ́ ń gbé ooru omi lọ bó ṣe ń jáde, iná náà le, o ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé o ṣe àṣìṣe kankan. Èédú ń bo àṣírí rẹ. Gíríìlì oníná tí o pa dé kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Gbogbo omi tó jáde lára ẹja, inú ibẹ̀ náà ló ń yí po.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ọ̀gá mi, ìyá Ìjẹ̀bú tó kọ́ mi níṣẹ́. Kó tó di pé a dáná, ìyá yìí á ní ká fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ gbogbo ohun tó ń yọ̀ lára àrọ̀ kúrò, ká fi iyọ̀ díẹ̀ pa á lára, ká fi í sílẹ̀, lẹ́yìn náà ká fi aṣọ mímọ́ nù ún, ká wá fi wọ́n kọ́ sórí wáyà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn. Tí ojú ọjọ́ bá ń rin, abẹ̀bẹ̀ ni. Èmi rò pé ó kàn ń fìyà jẹ wá ni. Lọ́jọ́ kan tí mo kánjú, tí mo gbé ẹja tútù sórí irin, ó gbá mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ, ṣé iná lò ń wò ni àbí ẹja?" Mi ò lóye ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi dé àjà kẹta.

Iyọ̀ yẹn ń fa omi jáde. Nínù ń kó èyí tó jáde. Afẹ́fẹ́ ń parí ìyókù. Fi ìka kan awọ ẹja náà. Tó bá ṣì ń yọ̀, kò tíì yá. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ bí ẹ̀yìn sítáǹbù, gbé e lọ síná. Ata, òróró àti kọ́rì, ìgbà tí awọ bá ti gan ni kẹ́ ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ohunkóhun tó bá ní ṣúgà tàbí oyin nínú, ìparí pátápátá ni, torí kíá ló ń jóná, kíkorò ẹ̀ kì í sì í kúrò.

Ní ti èédú, mi ò ní sọ̀rọ̀ jù, ojú yín náà máa kọ́ ọ. Èyí tó ń wá láti Ọ̀kè-Ògùn, tí wọ́n fi igi líle bí ayìn tàbí ẹ̀mí sun, ó wúwo, ó ń dún ṣakala bí àwo tó o bá lu ọ̀kan mọ́ èkejì, iná ẹ̀ sì ń pẹ́. Èyí tó fúyẹ́ bíi kànrìnkàn, owó ẹ lẹ sọ nù. Ẹ má ṣe gbé nǹkan sórí ahọ́n iná. Ẹ dúró kí eérú funfun bo ẹyin iná, kẹ́ ẹ wá na ọwọ́ sókè irin, kẹ́ ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ padà ní ẹ̀ta, ó dáa fún ẹran tín-ín-rín tàbí sùyà. Odindi ẹja ń fẹ́ iná tí ọwọ́ lè fara dà dé márùn-ún tàbí mẹ́fà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ awọ á dúdú, egungun ẹ̀yìn á ṣì máa pọ́n. Ẹ kó èédú sí apá kan àgbá, kí apá kejì ṣófo, kẹ́ ẹ lè sá lọ síbẹ̀ tí ọ̀rá bá gbiná. Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún ààbọ̀ àlùbọ́sà, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ òróró, ẹ fi nu irin gbígbóná kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹja. Ẹja tí kò fẹ́ kúrò lára irin, ẹ má fipá ṣí i. Tí awọ ẹ̀ bá gbẹ, fúnra ẹ̀ ló máa jọ̀wọ́ irin.

Àwọn kan ń fi fóìlì wé ẹja lórí èédú. Ó dùn, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹja tí wọ́n sè ni, ẹ má pè é ní yíyan níwájú mi.

Ó yá, gíríìlì oníná. Ẹni tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé ni George Foreman, abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò tí Muhammad Ali nà ní Kinshasa lọ́dún 1974. Ọdún 1994 ni èyí tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, ọdún kan náà tó tún gba bẹ́líìtì àgbáyé lẹ́ni ọdún 45, wọ́n sì ti ta gíríìlì yìí ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: irin ẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ síwájú kí ọ̀rá lè ṣàn kúrò. Ẹran lílọ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n ń fi sáàárín búrẹ́dì ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe àrọ̀ Ìbàdàn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni mi ò ti bá a jà mọ́. Mo ń jẹ́ kó gbóná dáadáa kí n tó gbé nǹkan sí i, kódà lẹ́yìn tí iná tó wà lára ẹ̀ bá ti ní ó yá, mo tún ń fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i. Mi ò kí í tẹ ìdérí mọ́ ẹja. Mò ń fi í sílẹ̀ gbayawu, mo sì ń yí ẹja náà fúnra mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń tò ó, kí ooru omi lè ráàyè jáde. Adìẹ tí kò légungun àti sọ́séèjì nìkan ni mò ń pa ìdérí dé lé lórí, torí òkè àti ìsàlẹ̀ á jinná pọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni ti iná tó ń ṣe bàìbàì. Gíríìlì tí wọ́n kọ 2000 wáàtì sí lára, 230 fólítì ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀. Bí iná bá já wálẹ̀ dé 160, agbára ẹ̀ máa já sí nǹkan bíi 970 wáàtì. Kò tó ìdajì mọ́. Gílóòbù á ṣì máa tàn, ẹ̀yin á rò pé iná wà, ẹja á máa sè. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour", ẹ má tiẹ̀ gbèrò ẹ̀, agbára ẹ̀ ò lè gbé gíríìlì. Ẹ sì fi owó iná sínú iye tẹ́ ẹ máa gbà: nígbà tí wọ́n gbé owó yúníìtì kan dé náírà 225 fún àwọn ará Band A, àwọn tí wọ́n ní iná wọn máa ń pẹ́ jù lójúmọ́, lóṣù kẹrin ọdún 2024, 450 náírà ni gíríìlì 2000 wáàtì yẹn lè jẹ ní wákàtí kan tó bá ń fa iná láìdábọ̀. Mo gbàgbé ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èrè ẹja mẹ́rin bá a lọ.

Òórùn èédú ńkọ́? Ẹ má tan oníbàárà. Ọ̀rá tó kán sórí ẹyin iná, tó di èéfín, tó tún padà wá lẹ̀ mọ́ ẹja, òun ló ń ṣe ìyẹn. Lórí gíríìlì oníná, inú àwo ni ọ̀rá ń lọ, èéfín ò sí. Èéfín yẹn kan náà ló ní àwọn èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ tó bá pọ̀ jù, nítorí náà ibi tó ti jó di èédú, ẹ fi ọ̀bẹ ha á dànù, ẹ má fi ata bò ó.

Ibì kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi gbọ́n. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, a gbé àgbá èédú wọ inú ṣọ́ọ̀bù, a tilẹ̀kùn nítorí ìjì. Ẹyin iná nìkan ló kù, kò sí èéfín, ìdí nìyẹn tọ́kàn wa fi balẹ̀. Kò pé wákàtí kan, orí ń fọ́ gbogbo wa. Ọmọ tó ń fi ata kun ẹja jókòó sílẹ̀, kò lè dìde. Ọlọ́kadà kan tó wá ra ẹja ló ṣílẹ̀kùn, tó fà á síta. Gáàsì carbon monoxide ni, kò lóòórùn, ojú ò sì rí i, èédú tó ń kú lọ náà sì ń tú u jáde. Tí òjò bá dé, ẹ pa iná èédú, ẹ tan gíríìlì, kẹ́ ẹ sọ fún oníbàárà pé èéfín ò ní sí lára tòní.

Iṣẹ́ Sátidé yìí, ogójì ẹja ni, inú àgbàlá ni. Èédú la máa lò, mo máa gbé gíríìlì kan dání fún adìẹ àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀, kó nu ẹja, kó fi wọ́n kọ́ sórí wáyà, kó tó fọwọ́ kan èédú rárá.