Kí Ẹ Tó Lọ Jẹ Àkàrà ní Bahia, Ẹ Kọ́kọ́ Wọ Ilé Ìdáná Ìyá Yín

Ọdún méje ni mo fi tọ́jú owó ìrìnàjò Brazil, oúnjẹ ló sì ń fà mí lọ. Mo ti gbọ́ pé ní Salvador, olú ìlú Bahia, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ṣì ń dín àkàrà lójú pópó.

Lóòótọ́ ni. Ní àdúgbò Rio Vermelho, mo bá ìyá kan nídìí àtẹ, aṣọ funfun, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àkàrà tiwa náà ni, "jẹ" ni wọ́n so mọ́ ọn nídìí. Ẹ̀wà bíbó ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, àmọ́ ó tóbi tó ìkúùkù. Wọ́n á là á, wọ́n á ki vatapá sí i, ìyẹn búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà àti wàrà àgbọn tí wọ́n fi epo pupa rò pọ̀. Wọ́n á tún bu ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru lé e. Abará wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sè é sí, bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà yìí níyì débi pé lọ́dún 2005 ìjọba Brazil kọ ọ́ sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn.

Nígbà tí ìyá náà gbọ́ pé Yorùbá ni mí, wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n ní kí ògbufọ̀ bi mí: báwo ni ìyá mi ṣe ń po tiwọn tó fi ń fúyẹ́? Mi ò rí nǹkan sọ. Ẹ̀rọ ni mo fi ń lọ ẹ̀wà n'Íbàdàn, mà á da omi sí i kó lè tètè kúnná. Ìyá mi tí wọ́n ń dín àkàrà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé wà láyé, mi ò bi wọ́n rí. Ojú tì mí gan-an.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn oúnjẹ, tí ẹ ń wá físà, ẹ lọ bá ìyá yín, tàbí ìyá àgbà bí wọ́n bá ṣì wà, kí ẹ bá wọn se oúnjẹ kan délẹ̀. Ẹ má kàn fi fóònù ká a sílẹ̀. Iyọ̀ "díẹ̀" tí wọ́n máa ń wí yẹn, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo lọ sí Iléṣà. Ìyá mi ní kí n má rẹ ẹ̀wà pẹ́, kí èèpo ṣáà ti lè ṣí. Ìwọ̀nba omi ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Wọ́n gbé orógùn lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa pò ó. Apá ro mí. Wọ́n ní iyọ̀ di ìgbà tí epo bá gbóná, torí bó bá pẹ́ nínú rẹ̀, á ṣomi. Mo bi wọ́n bí mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó. Wọ́n bu omi sínú abọ́, wọ́n já ẹ̀wà náà bíńtín sí i. Ó rì.

"Máa pò ó."

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó léfòó.